Ọmọ Tí Wọ́n Bí Ní Gírò

Kílò mẹ́rin àti gíráàmù ẹgbẹ̀rin ni Tawheed, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e jáde nínú ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n kọ ọ̀rọ̀ Faransé méjì sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú kárínẹ́ rẹ̀, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ìtàn ara ọmọ sí: gros bébé, ọmọ ńlá. Ìyá mi, Àṣíáwù, kò mọ ìwé Faransé kà, ṣùgbọ́n ó mọ gírò. Ó tó ogójì ọdún tó ti ń ta òwú, síìpù, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ fún àwọn télọ̀ ní ọjà Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Gírò ni gbogbo oníṣòwò ibẹ̀ ń pe ọjà tí a bá tà ní odidi páálí, dẹ́táì sì ni èyí tí a bá tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Ẹ̀yin ọmọ tèmi, dẹ́táì ni mo bí gbogbo yín," ó ní. "Ìyàwó mi ló bí gírò."

Bí Tawheed ṣe di Gírò nìyẹn. Ìyá mi mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà, obìnrin Dioula tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ní òun ti mọ̀ pé ọkàn àwọn Anango, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, kò lè balẹ̀: wọ́n ti ń ta gírò tipẹ́, wọ́n tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Lábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, nọ́ọ̀sì tún kọ ọ́ pé kí a máa ṣọ́ ọmọ náà. Mo ka ìyẹn náà fún ìyá mi. Ó ní ta ni kì í ṣọ́ ọmọ?

Samira, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló ṣàlàyé fún wa nígbà tó dé láti ọsibítù. Ṣúgà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó lóyún. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ tó bá mu ṣúgà púpọ̀ nínú ìyá rẹ̀ máa ń tóbi kí wọ́n tó bí i, àti pé ọ̀pọ̀ irú wọn ni kì í dàgbà kíákíá bí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú àwọn oṣù àkọ́kọ́, títí wọn yóò fi bá àwọn ẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Àwọn tí kò bá dín eré kù, tí ara wọn ń lé sí i ṣáá láti kékeré, ni ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà fún, pé wọ́n lè sanra kọjá bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá ń rìn, kí ṣúgà sì tún wá wọn wá lọ́jọ́ iwájú. Ó ní wọ́n lè sanra o. Wọn kò sọ pé dandan ni. Ọmú nìkan ni kí ó máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ṣúgà. Ó tún béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà bóyá òótọ́ ni pé ènìyàn lè sanra kó sì jẹ́ àìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ fún un pé omi lè gbẹ ènìyàn.

N kò dá a lẹ́bi. Èmi náà ti ronú sí i láti ìgbà náà. Bí ènìyàn wa kan bá ti ìrìn àjò dé, tí a sọ fún un pé ó ti sanra, a ń kí i ni. A ń sọ pé ibi tó lọ gbà á. Láti sọ pé ó rù, ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ni. Nínú ilé wa, ó tún ju ẹ̀dùn lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìyá mi ní 1969, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kumasi ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pè ní ilé, kò tíì fojú kàn án rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọn gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ sílé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan ní Bouaké, nítorí náà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú páálí mẹ́ta àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ara ìyá wọn kò yá, ọmú rẹ̀ gbẹ lójú ọ̀nà. Ìyá mi ló ń gbé ọmọ náà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ó ti sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà bí ọmọ náà ṣe ń fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ òun, débi pé ní ọjọ́ ìkẹyìn òun ń wo inú aṣọ léraléra bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Agnibilékrou ni wọ́n sin ín sí. N kò gbọ́ kí ìyá mi pe orúkọ rẹ̀ rí. "Èyí tó rù" ló ń pè é.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè ṣàlàyé fún ara mi bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ti ẹnu mi jáde.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Samira padà sí iṣẹ́ rẹ̀ ní Zone industrielle, níbi tí wọ́n ti ń pa kóró kajú. Àwáàlù, ẹ̀gbọ́n mi, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ferké àti Ouangolo, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la ń rí i. Samira á fún ọmú rẹ̀ sínú ìgò kékeré méjì kó tó jáde láàárọ̀, á sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, tí kì í lọ sí ọjà mọ́ àfi bí oòrùn bá ti yẹ̀. Èmi ti parí ìwé mi ní yunifásítì, lítíréṣọ̀ ni mo kà, mo sì ń dúró de iṣẹ́ olùkọ́ tí kò dé. Nítorí náà èmi ló bá ìyá mi gbé Tawheed lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò Belleville.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà, ọmọ agbègbè Man ni, kò gbọ́ Dioula tí a ń sọ lọ́jà, ìyá mi kò sì gbọ́ Faransé ju iye ọjà lọ. Èmi ni mo ń túmọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n: kílò méje àti igba gíráàmù. Ó ṣí kárínẹ́ sí ojú ewé tí wọ́n ya ìlà oríṣiríṣi sí, àwọn ìlà tó ń gòkè láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ó sì fi báírò tẹ àmì kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n bí Tawheed, àmì rẹ̀ ga ju ìlà òkè pátápátá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó wà lórí ìlà náà gan-an. Nísinsìnyí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń sún mọ́ èyí tó wà láàárín. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì náà lò ni ralentir, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọkọ̀ tó dín eré kù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohun tí àwọn ń fẹ́ rí gan-an nìyí.

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó ti rí i pé àwọn àmì náà ń kúrò lókè bọ̀ wá sísàlẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó ń rù díẹ̀díẹ̀," mo ní. "Ó ní ohun tí àwọn ń fẹ́ nìyẹn."

"Wọ́n fẹ́ kó rù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá mi gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Mo rò pé ó ti yé e. Tawheed kò rù rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò tó fi wúwo ju ti oṣù tó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́.

Bóyá ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí kò rí i rí. Àwọn ìyá wa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì gbé e dé Kumasi, wọ́n tún gbé e dé ibí. Lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, ìyá á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń sé omi, á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún da ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọwọ́ náà. Imú ọmọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bò. Kí ó tó lè mí, ó ní láti gbé e mì. Ọmọ á máa ké, á máa gbé mì, á máa ké, títí abọ́ yóò fi gbẹ. Ìyá mi po ògì rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà àti mílíìkì inú agolo. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, yàtọ̀ sí ìgò ọmú méjèèjì. Ó máa ń fọ abọ́ náà, á sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí Samira tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo rí i. Mo wà nínú yàrá mi, mò ń kàwé, mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń húkọ́. Mo ti gbọ́ kí Samira sọ pé ọmú nìkan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni, pé ìyá mi bí mẹ́fà, mẹ́fà náà sì wà láàyè. Mo tún rò pé bóyá ohun tí mo mọ̀ nínú ìwé ni kò tó. N kò so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Belleville. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní pé n kò so ó pọ̀.

Tawheed sì kún. Ọwọ́ rẹ̀ pín sí ìpele ìpele, ọrùn rẹ̀ wọlé. Àwọn aládùúgbò ń gbé e kiri, wọ́n ń kí Samira pé omi ọmú rẹ̀ dára. Samira á máa rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé òun ti ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò gbẹ ọmú òun, àṣé ìgò méjì náà tó.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, Samira gba ààyè níbi iṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé e lọ. Ìyá mi ló ní dandan ni kí n tẹ̀ lé wọn, nítorí pé èmi ni mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lọ́jọ́sí. Ó wọ aṣọ tuntun. Kílò mẹ́wàá àti igba gíráàmù ni Tawheed. Nọ́ọ̀sì kan náà ló wà níbẹ̀. Ó tẹ àmì rẹ̀, ó wò ó, ó tún gbé ọmọ padà sórí òṣùwọ̀n. Àmì náà ti fò kọjá ìlà òkè. Ó bi Samira ohun tí ọmọ ń jẹ. Samira ní ọmú nìkan. Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan kì í sáábà ṣe báyìí, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀.

Ìyá mi gbọ́ ohùn náà, ó rò pé wọn kò mọ ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí.

"Sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é," ó ní fún mi. "Sọ pé kò rù mọ́."

N kò túmọ̀ rẹ̀. Samira ti gbọ́ ọ, Yorùbá ni.

"Kí lẹ ṣe, Màámi?"

Ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: ògì, mílíìkì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, itan àti ọwọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ki oríkì. Samira túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má rọ ọmọ mọ́ láé, nítorí pé ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà èémí kó sì pa á. Èkejì ni pé ọmọ tó bá ti tóbi láti inú oyún, tó tún fò báyìí ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, òun gan-an ni wọ́n ní kí a máa ṣọ́. Ó ní ọmọ náà kò ṣàìsàn. Ó ní kí a má fi ebi pa á láti bá a san án padà. Oúnjẹ rẹ̀ ti tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí, láìsí ṣúgà, kí ọmú sì máa lọ. Kí a máa gbé e wá lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ó fi báírò kan àmì ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, èyí tó sún mọ́ àárín.

"Ibí yìí," ó ní, "ibí yìí dára gan-an."

Mo rí àmì náà. Mo rí i dáadáa. Àmì tí mo túmọ̀ sí pé ó ń rù ni.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. Samira gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ń lọ níwájú. Ìyá mi ń bi mí léraléra kí ni wọ́n ń bínú sí, mo sì ń sọ fún un pé ó dilé. Nígbà tí a délé, Samira wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ Tawheed sínú báàgì. Lẹ́yìn díẹ̀ ó pè mí sí ẹnu ọ̀nà. Kò lè dojú kọ ìyá ọkọ rẹ̀, ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un nílé.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún Màámi pé Korhogo ni mò ń gbé e lọ lọ́la, sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ bá mi sọ ọ́ dáadáa. Kó má dun wọ́n."

Iṣẹ́ ìtumọ̀ tún kàn mí. Ìyá mi jókòó sábẹ́ ìbòjì, ó ń to òwú sínú páálí. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ti to ọ̀rọ̀ Samira lẹ́nu, ó dára, ó ní ìtẹríba. Ohun mìíràn ni mo gbọ́ tó jáde.

"Màámi, nọ́ọ̀sì kò sọ nígbà yẹn pé ó ń rù."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kí ló wá sọ?"

"Ó ní ó dín eré kù."

"Eré wo?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ọmọ náà ń wúwo sí i nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò yára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní àmì náà ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ìlà, ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, èmi náà ń gbọ́ bí ó ṣe ṣòro láti gbà gbọ́. Mo ní èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ mú. Mo wá sọ fún un nípa Korhogo.

Mo ń retí kó ṣépè fún mi tàbí kó sunkún. Kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Ọmọ tó dín eré kù àti ọmọ tó ń rù," ó ní, "báwo ni ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀?"

"N kò mọ̀, Màámi. Òṣùwọ̀n ni."

"A ò ní òṣùwọ̀n nínú ọkọ̀ yẹn."

Ó dìde. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Samira, ó sì dúró níbẹ̀, kò wọlé. Láti ìgbà tí Samira ti di ìyàwó wa, n kò rí i kí ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí. Ṣe ló máa ń pè é wá.

"Ìyá Tawheed," ó ní, "èmi ni mo rọ ọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó ń rù, ẹ̀rù bà mí. Má gbé e lọ. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe é."

Samira ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Màámi má dúró. Ṣùgbọ́n ó wo ojú mi lẹ́yìn ìyá mi nígbà tó gbọ́ "wọ́n sọ fún mi." Mo wolẹ̀. Kò bi mí títí di òní, n kò sì mọ̀ bóyá ìyá mi kò dárúkọ mi láti bò mí ni, tàbí pé lójú rẹ̀ ẹni tó sọ ọ́ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ọmọ yóò dúró di ìgbà tí a bá tún wọ̀n ọ́n. Bí àmì bá tún fò, Korhogo ni. Samira kò tú báàgì náà. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Òfin kan ṣoṣo ló fún ìyá mi: bí ọmọ bá ti pa ẹnu dé, kí oúnjẹ parí. Ìyá mi bi í pé bí ó bá pa ẹnu dé tí ebi ṣì ń pa á ńkọ́. Samira ní yóò tún un ṣí.

Ọjọ́ Sátidé ni Samira jókòó tì í kó lè rí bó ṣe ń ṣe é. Ọmọ wà ní ìjókòó lórí itan ìyá mi, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀. Iṣu tí wọ́n gún kúnná ni, kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ó gba ṣíbí kìíní, ó ṣe ojú bí ẹni tó ń ronú. Ó gba èkejì, ìdajì rẹ̀ dà sí àgbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ó pa ẹnu dé, ó sì yíjú sí ògiri.

Ìyá mi dúró. Ṣíbí wà lókè. Èyí tó kù nínú abọ́ náà pọ̀.

"Ṣé ó yó ni," ó béèrè, "àbí inú ló ń bí i?"

Samira tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ọmọ náà. Ó wò ó pẹ́.

"N kò mọ̀, Màámi," ó ní.

Ó bí i, kò sì mọ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ba ìyá mi lẹ́rù ju gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lọ. Tawheed ṣì kọjú sí ògiri, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Ìyá mi gbé ṣíbí sínú abọ́, ó ti abọ́ náà sí ọ̀dọ̀ mi, ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀, ó sì jókòó lé wọn.